Abẹ Pọ́ọ́kú Tí Kì Í Purọ́

Ọkọ mi fá irun fún àwọn ẹlòmíì fún ọdún méjìlélógójì, ó wá dé ọjọ́ kan tí kò lè fá ti ara rẹ̀ mọ́. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tó fi máa dìde, apá ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ díẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo ní díẹ̀. Lójú tirẹ̀, gbogbo ayé ló ń rí i láti òkèèrè. Ló bá dá irùngbọ̀n sí.

Ẹ má rò pé irùngbọ̀n àgbà tó gún régé ni mò ń wí o. Irùngbọ̀n tó ń hù bó ṣe wù ú ni. Tó bá mu tíì tán, èmi ni màá fi aṣọ nu ún bí ẹni nu fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ Dándán ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí, torí pé orí tó bá ti fọwọ́ kàn, dídán ló ń dán! Tí mo bá ní kí onígbàjámọ̀ tó wà ní òpópónà kejì wá fá a fún un, á ní ẹ̀rọ ni ọmọ yẹn mọ̀, kò mọ abẹ. Tí mo bá ní ká ra abẹfẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lò tí wọ́n ń sọ nù, á ní kókó ló máa ń jẹ́ kó sú sí òun lágbọ̀n. Tí mo bá wá nawọ́ sí abẹ tirẹ̀, èyí tó wà nínú àpótí, á pariwo bíi pé mo fẹ́ jí ọmọ gbé.

“Ojú abẹ yẹn ti kú,” ló máa ń wí. “Ta ló fẹ́ pọ́n ọn? Ọwọ́ tèmi ò gbà á mọ́. Ó parí náà nìyẹn.”

Mo mọ̀ pé àwáwí ni. Ẹnu rẹ̀ ló ń fi pamọ́. Kì í jáde mọ́, kì í dúró níwájú dígí, tí àlejò bá sì dé, yàrá ló ń sá lọ. Èmi sì ń wá ojú ọkọ mi. Ojú tí mo ti ń wò láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n gbé lọ sẹ́yìn igbó, kò sì sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fọwọ́ sí i. Inú ń bí mi, kí n má purọ́. Mo wá pinnu pé màá gba àwọn àwáwí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ní rí òmíì mú.

Lọ́jọ́ kan, bó ṣe tún bẹ̀rẹ̀ “ta ló fẹ́ pọ́n ọn?”, mo ní, “Èmi.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ìwọ télọ̀?”

“Èmi télọ̀. Àbí wọ́n fòfin dè é ni?”

Ó rò ó díẹ̀. Mo rí i tí ọgbọ́n àrékérekè ń yọ lójú rẹ̀, irú èyí tó máa ń yọ tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní, “Ó dáa. Àmọ́ kò sí ọmọṣẹ́ tó ń fọwọ́ kan abẹ ọ̀gá. Gbogbo àwọn tí mo kọ́ ló kọ́kọ́ ra ti ara wọn, abẹ pọ́ọ́kú, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá bà á jẹ́, kò sẹ́ni tó máa sunkún. Màá fún wọn lówó tí ò tó nǹkan, màá ní kí wọ́n lọ yan èyí tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n abẹ. Mi ò ní sọ èyí tó dáa fún wọn. Ohun tí wọ́n bá mú bọ̀ ni mo fi ń mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́.”

“Tí wọ́n bá mú ìdọ̀tí bọ̀ ńkọ́?”

“Wọ́n á pa dà lọ. Ọ̀kan pa dà lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó ti ń wa ọkọ̀ èrò báyìí.”

Nítòsí ibùdókọ̀, ọkùnrin kan wà tó ń ta àlòkù: aago tó ti kú, ṣíbí, awò ojú, àti férémù àwòrán tí kò sẹ́ni tó mọ àwọn tó wà nínú ẹ̀ mọ́. Kò-sí-ẹ̀dínwó ni wọ́n ń pè é, torí pé ohun tó kọ sára ògiri ìsọ̀ rẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ló ń bá a nájà, tó sì ń gbà. Mo débẹ̀, mo rí abẹ kan tó ń kọ mànà. Èékù rẹ̀ funfun báláú, wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ nǹkan sára irin rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ aṣọ àrán pupa sínú àpótí ẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Mo ní orí mi ló bá mi ṣe é. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n má wo dídán aṣọ, kí wọ́n wo òwú rẹ̀, èmi náà ni mo gbé abẹ nítorí àrán.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi wo abẹ náà. Ó ní kí n gbé dígí kékeré tí àwọn oníbàárà mi fi ń wo aṣọ lára wọn wá, kí n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó fi ọwọ́ òsì gbé abẹ náà lé e, ó wá fi ìka kan tẹ imú rẹ̀. Ìdí gbéra. Ó tẹ ìdí, imú gbéra. Kà-kà, kà-kà, abẹ mi ń jó lórí dígí.

“Irin rẹ̀ lọ́,” ló wí. “Ká máa wò ó ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é ká fi fá nǹkan.” Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Gbọ́. Tó o bá fi oṣù mẹ́ta pọ́n èyí, tí kò mú, ta lo fẹ́ dá lẹ́bi? Ṣé ọwọ́ rẹ ni àbí abẹ? O ò ní mọ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè ra abẹ pọ́ọ́kú, kó burẹ́wà bó ṣe wù ú, àmọ́ abẹ náà ò gbọ́dọ̀ máa purọ́ fún un. Tí kò bá mú, kó jẹ́ pé ìwọ ni. Tó bá sì mú, kó jẹ́ pé ìwọ náà ni.”

Mo ní, “Ṣebí ẹ ní ẹ kì í sọ fún wọn?”

“Wọn kì í ṣe ìyàwó mi.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ níbi tábìlì yẹn pọ̀ ju èyí tó ti sọ láti ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Mo ṣe bí ẹni tí inú ń bí, mo kó abẹ aláràn-án mi, mo wọ ilé ìdáná, mo lọ rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó irinṣẹ́ dání. Mo mú dígí náà, mo mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, èyí tí mo fi ń wá òwú dúdú lára aṣọ dúdú, mo sì fi abẹ àná sínú báàgì. Bí Kò-sí-ẹ̀dínwó ṣe rí mi lókèèrè báyìí, ó ti gbọ́wọ́ sókè.

“Ìyá, ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á pa dà o!”

“Ta ní kí o gbà á? Kó gbogbo abẹ tó o ní jáde.”

Mẹ́sàn-án ló kó jáde. Mo wá àpótí kan jókòó lé, mo tẹ́ dígí mi sórí itan, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀kan ń jó bíi ti àná. Méjì lẹ́wà, wọ́n sì dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, àmọ́ nígbà tí mo gbé awò lé wọn, ìpẹtà ti jẹ ojú wọn wọnú. Ìpẹtà tó wà ní ẹ̀yìn ò dà mí láàmú, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti wà létí, bí aṣọ tó ti gbó lójú rírán ni, ibi tó o bá fà ni yóò ti ya. Òmíì ti kán lójú bí eyín ọmọ ọdún méje. Òmíì sì wà tí ẹnì kan ti pọ́n ní ìpọ́nkúpọ̀ọ́n, tí ìdajì irin ẹ̀ ti tán, tó wá ṣẹ́kù tínrín bí ìrù eku. Àwọn tó ń kọjá ti ń dúró wòran.

“Ìyá,” ni Kò-sí-ẹ̀dínwó wí, “ṣé ẹ fẹ́ ra abẹ ni àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ sílé?”

“Ọkọ tí mo fẹ́, mi ò tẹ́ ẹ sórí dígí kí n tó fẹ́ ẹ. Mi ò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́.”

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Inú ọkùnrin náà kò dùn tó bẹ́ẹ̀, ló bá kọjú sí iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń họ bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí àwọn àwo kan, ó ń họ ọ́ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, àwọn bébà náà sì ń ká kúrò lára àwo láìṣẹ́kù. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Abẹ ni ohun tó mú dání. Èékù rẹ̀ ti là, ó fi wáyà dì í. Irin rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú, orúkọ tó wà lára ẹ̀ sì ti pa rẹ́.

“Fún mi ní èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ.”

“Èyí kẹ̀? Ìyá, irinṣẹ́ mi nìyí. Kì í ṣe ọjà.”

“Ṣáà fún mi kí n rí i.”

Mo gbé e lé dígí. Mo tẹ imú, kò mira. Mo tẹ ìdí, kò mira. Ó sùn sórí dígí náà láti orí dé ìdí bí ọmọ tó ti yó. Mo gbé awò lé ojú rẹ̀: ó ti kú, ó kú pátápátá, àmọ́ kò sí ibì kan tó ti kán, ìpẹtà ò sì sún mọ́ etí rẹ̀. Mo ṣe ojú mi bí ẹni tí nǹkan náà ò jọ lójú. Mo yọ abẹ aláràn-án jáde nínú báàgì.

“Jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀,” ni mo wí. “Máa fi tuntun yìí họ àwo rẹ.”

Ó wo àrán pupa, ó wo wáyà, ó wo ojú mi bóyá orí mi pé. Lẹ́yìn náà ló yára gba àpótí náà kí n má baà yí ọkàn pa dà. Ó rò pé òun ti rẹ́ mi jẹ. Mo kí i, mo kúrò níbẹ̀ kíá, torí ẹ̀rín ti fẹ́ já lẹ́nu mi.

Ọkọ mi pẹ́ lórí èyí. Ó tẹ́ ẹ sórí dígí, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó fi èékánná ta á, ó sì dẹtí sí i. Ó dún tíín, kò sì tètè dákẹ́.

“Kò sán,” ló wí. “Tó bá ti sán níbì kan, dúú ló máa dún.” Ó bojú wò mí. “Ta ló bá ẹ yàn án?”

“Dígí ló bá mi yàn án.”

“Ẹ̀ẹ̀kejì péré!” Ó mi orí. “Nínú gbogbo ọmọṣẹ́ mi, ẹni méjì ló mú èyí tó dáa bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.” Ó wá dìde fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ó rìn lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó wọ́ òkúta ìpọ́nbẹ rẹ̀ jáde lábẹ́ ẹ̀.

Ibi tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ la ti ń kọ́ ọ, ní àárọ̀, kí àwọn oníbàárà tó dé. Èmi á wà lórí ìró, òun á jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màá wọ́n omi sórí òkúta. “Tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ,” lá máa wí, “kí ẹ̀yìn àti ojú ẹ̀ jọ kan òkúta. Ojú ni kó ṣáájú, bí ẹni pé o fẹ́ bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí òkúta náà. Tó o bá dé òpin, ẹ̀yìn ni kó o fi yí i.” Ó dùn-ún gbọ́. Àmọ́ ogójì ọdún ni mo fi lọ aṣọ, ọwọ́ mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan lé nǹkan láìtẹ̀ ẹ́.

“Aṣọ kọ́ lò ń lọ̀!” lá pariwo. “Rọra! Ìwúwo ara ẹ̀ ti tó o!”

Ó ní kí n fi yíǹkì kun etí abẹ náà, kí n fà á lẹ́ẹ̀kan, kí n wo ibi tí yíǹkì náà ti lọ, torí ibẹ̀ nìkan ni òkúta kàn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, imú nìkan ló ń lọ, yíǹkì àárín ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bínú, mo ju aṣọ ìnuwọ́ mọ́lẹ̀, mo ní abẹ yìí ni kò dáa.

“Irọ́,” ló dá mi lóhùn, ó sì ń gbádùn ara rẹ̀. “Abẹ yẹn ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ìdí tá a fi rà á nìyẹn.”

Mo mú aṣọ ìnuwọ́ nílẹ̀. Mo tún un ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo yíǹkì náà ń lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, abẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú irun apá mi. Àṣejù ni mo fi dán an wò, tó fi jẹ́ pé apá òsì mi pá borokoto, oníbàárà mi kan sì bi mí jẹ́jẹ́ bóyá mo ti rí dókítà. Ọkọ mi gbọ́ ọ láti yàrá, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ó ku awọ. Lẹ́yìn òkúta, awọ ni wọ́n fi ń parí ojú abẹ, àmọ́ ọkọ mi ti fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn ní awọ tirẹ̀ nígbà tó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Ló bá bọ́ bẹ́líìtì ìdí ara ẹ̀, bẹ́líìtì kan ṣoṣo tó dáa tó ní, ó ní kí n fi kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn kí n sì fà á le.

“Lórí awọ, ẹ̀yìn ló ń ṣáájú. Ojú ò gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ọwọ́ mi ni kò gbọ́. Ọwọ́ tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta máa ti ojú ṣáájú lórí òkúta, bó ṣe débi awọ, ohun tó mọ̀ ló ṣe. Fàì! Bẹ́líìtì pín sí méjì, apá kan wà lára ilẹ̀kùn, apá kejì wà lọ́wọ́ mi.

Ó wo bẹ́líìtì. Ó wo ṣòkòtò rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ òsì dì mú kó má baà já sílẹ̀. Ó ní, “Ó dáa kẹ̀. A ti mọ̀ pé ó mú.”

Ẹ̀rín pa wá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, èmi náà jókòó tì í, a ń na ìka sí bẹ́líìtì náà, a tún ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé ǹ bá gé bẹ́líìtì mẹ́wàá lọ́jọ́ yẹn.

Apá tó gùn jù nínú bẹ́líìtì la wá ń lò. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fa irun kan tu lórí mi láìtọrọ àyè, ó dì í mú lókè, ó ní kí n gbé abẹ sún mọ́ ọn. Irun náà já, kò tilẹ̀ dún. Ó wo ẹyọ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Kò burú,” ló wí. “Ó wá ku kí o lọ pọ́n tèmi. Ìyẹn á tó oṣù kan sí i.”

“Tiyín á dúró. Èyí ni mo mọ ìwà rẹ̀. Ẹ jókòó.”

“Omi ò tíì gbóná.”

“Ó ti gbóná.”

“Ọṣẹ—”

Mo gbé ife ọṣẹ tó ti ń hó sókè kó rí i. Ó wo àjà, ó wo ilẹ̀kùn, kò rí nǹkan kan mú. Ó jókòó. Mo ta aṣọ ìnura sí i lọ́rùn, mo fi sísọ́ọ̀sì gé èyí tó gùn kúrò, mo kun ọṣẹ, mo bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, níbi tí àìsàn ò kàn. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lábẹ́ ọṣẹ: “Jẹ́ kó sùn díẹ̀ sí i. Má gún un. Fà á, má tì í.” Abẹ náà ń lọ ṣẹ́ẹ́rẹ́, ojú ọkọ mi sì ń jáde bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn rèé. Egungun àgbọ̀n yẹn rèé. Mo fẹ́ kọrin, àmọ́ mo bẹ̀rù kọ́wọ́ mi má yẹ̀.

Mo dé àárín àgbọ̀n. Mo fẹ́ kọjá sí ọ̀tún, ló bá di ọwọ́ mi mú.

“Ó tó.”

“Ó tó báwo? Ṣé irùngbọ̀n ààbọ̀ lẹ fẹ́ máa gbé kiri ni?”

Kò rẹ́rìn-ín. “Ẹnu mi ti wọ́, ìyàwó mi.”

Láti ọjọ́ tó ti dìde lórí àìsàn, kò sọ ọ́ rí. Mo gbé abẹ sílẹ̀ kí n lè wò ó dáadáa.

“Mo mọ̀,” ni mo wí. “Láti ọdún tó kọjá, èmi ni mò ń gbé ìrọ̀rí sábẹ́ ẹnu yẹn tẹ́ ẹ bá ti sùn. Èmi ni mò ń nu ún. Ta lẹ wá ń fi pamọ́ fún? Ẹ̀yin nìkan lẹ ò tíì rí i nínú ilé yìí. Ojú yín ni mò ń wá, gbogbo ẹ̀, kì í ṣe ààbọ̀. Ó wù mí kí n rí i, ẹ jọ̀ọ́.”

Omi ti ń bọ́ lójú mi, inú sì ń bí mi pé ó ń bọ́. Ó pẹ́ kó tó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ọṣẹ ti ń gbẹ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó mí kanlẹ̀, ó jókòó dáadáa, ó wá yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sí mi.

“Tún ọṣẹ kùn ún,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ọ̀gá níbi iṣẹ́. “Kó o sì fi ìka méjì fa ibi ẹnu yẹn dáadáa kó o tó gbé abẹ lé e. Ó ti dẹ̀. Irú ibẹ̀ ló máa ń ṣòro fún ọmọṣẹ́.”

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá,” ni mo wí. Mo tún ọṣẹ kùn ún, mo fi ìka méjì fa ibẹ̀, mo sì fá a.